Kíka Ìtàn Ogun Abẹ́ Òkun

Àwọn àgbà kan gbà pé ìwé ìtàn ogun kò yẹ ọ̀dọ́. Wọ́n ní ẹni tí ń ka ìtàn ìjà lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ fẹ́ jà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí ìwé mìíràn wà tí ó sọ ogun di eré, tí akọni inú rẹ̀ ń pa ènìyàn bí ẹni pa eṣinṣin. Síbẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kò yẹ kí a torí ìwé burúkú pa ìwé rere tì.

Ọ̀kan nínú àwọn ìwé rere bẹ́ẹ̀ ni Das Boot, tí Lothar-Günther Buchheim, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé jáde ní ọdún 1973. Òun tìkára rẹ̀ bá ọkọ̀ abẹ́ omi kan tí a ń pè ní U-96 lọ sójú ogun ní ọdún 1941 gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn, ohun tí ó fojú rí níbẹ̀ ni ó sì fi hun ìtàn rẹ̀. Nínú ìwé yìí, ìdúró pọ̀ ju ìjà lọ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, àwọn ọkùnrin bí 50 há sínú ọkọ̀ tóóró kan, wọn kò rí omi wẹ̀, búrẹ́dì wọn sì ti bu. Bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá dé òkè orí wọn, tí ó ń rán ìró sínú omi láti fi wá wọn kiri, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wúkọ́, ṣíbí kò sì gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Àdó olóró ń bú gbàù lọ́tùn-ún lósì, omi ń jò wọlé, kò sì sí ibi tí wọn yóò sá sí.

Ẹni tí ó bá ka èyí yóò máa gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí wọ́n yè, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ ogun Hitler ni wọ́n. Èrè ìwé náà nìyí: ó fi hàn pé ọmọ ènìyàn ni ọ̀tá. Nínú nǹkan bí 40,000 ènìyàn tí ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì nígbà ogun náà, nǹkan bí 30,000 ni ó kú.

Ṣùgbọ́n agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn tí ń bẹ lójú omi ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá ọdún 1942, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan kọ lu Abosso, ọkọ̀ èrò tí ó máa ń rìn láàárín Liverpool àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí ogun tó dé, ó sì rì í. Obìnrin àti ọmọdé wà nínú ọkọ̀ náà. Àwọn tí ó kú lé ní 300.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí àánú àwọn tí ń bẹ nísàlẹ̀ omi bá ṣe é, kí ó rántí àwọn tí wọ́n ń dọdẹ lókè pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá kà á báyìí kò ní yára jó nígbà tí ẹnìkan bá ń lu ìlù ogun.