Ẹni Tó Bá Ní Kí Aboyún Má Jẹun, Kó Wọn Ṣúgà Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Agége, Orílẹ̀ Agége, Ọ̀gbà àti Orẹ́gùn, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ṣíìfù ọ̀sán àti ti òru ní àwọn ilé iṣẹ́ Ọba Àkran àti Agídíngbí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wa. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí obìnrin ti ń bímọ ládùúgbò wa, gbólóhùn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ń rọbí ni pé, "Má jẹ nǹkan kan o." Wọn kì í sọ ìdí. Wọn kì í sọ ìgbà tí ààwẹ̀ náà yóò parí. Bẹ́ẹ̀, ìrọbí ọmọ àkọ́bí lè gba wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tún wá gbé e láti ibì kan lọ sí ibòmíràn nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, ta ló ń ka wákàtí ebi rẹ̀? Bí obìnrin náà bá sì ní àtọ̀gbẹ inú oyún, ìyẹn ṣúgà tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ nítorí oyún, ta ló ń wo ohun tí ebi ń ṣe sí òun àti ọmọ inú rẹ̀?

A kò sọ pé kí gbogbo ẹni tó ń rọbí máa gbé ẹ̀bà mì. Ohun tí à ń sọ ni pé àṣẹ "má jẹun" ní gbèsè lọ́rùn. Ẹni tó bá pa á gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tó máa parí, ó sì gbọ́dọ̀ máa wọn ṣúgà obìnrin náà títí yóò fi bímọ. Bí kò bá ní ẹ̀rọ tí yóò fi wọ̀n ọ́n, kó tètè gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ní i.

Níbo ni àṣẹ yìí ti wá? Ní 1946, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Curtis Mendelson, kọ̀wé nípa oyún 44,016 tí wọ́n tọ́jú ní ilé ìwòsàn kan ní New York. Nínú àwọn ìyá náà, 66 ni ohun tó wà nínú ikùn wọn sá wọ ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí wọ́n fi oògùn kùn wọ́n lóorun. Méjì kú. Láyé ìgbà náà, oògùn oorun tí obìnrin ń fà símú ni wọ́n sábà ń lò, láìki rọ́bà sí ọ̀fun láti dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró. Ìbẹ̀rù wọn bọ́gbọ́n mu. Lónìí, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sábà ń fún ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ bímọ, ojú rẹ̀ á sì là sílẹ̀. Iṣẹ́ yàtọ̀, àṣẹ kò yàtọ̀.

Ní 2013, Mandisa Singata ti South Africa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwádìí 5 wò, tó kan obìnrin 3,130. Wọn kò rí àǹfààní kankan nínú fífi ebi pa obìnrin tí kò ní ewu lára. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ di ìmọ̀ràn: kí wọ́n jẹ́ kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ jẹ, kó sì mu, nígbà ìrọbí.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣebí obìnrin tí kò ní ewu ni wọ́n ń sọ, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ńkọ́?" Òótọ́ ni. Dókítà lè rí ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò fi gbọdọ̀ jẹun, pàápàá bí iṣẹ́ abẹ bá sún mọ́lé. Àmọ́ ìdí yẹn gan-an ló fi yẹ kí wọ́n máa wọn ṣúgà rẹ̀. Ìlànà tí àjọ NICE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2015 sọ pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní wákàtí wákàtí, kó má lọ sílẹ̀ ju 4 lọ, kó má sì ga ju 7 lọ. Lójú ẹ̀rọ tó ń ka mg/dl tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, ìyẹn jẹ́ 72 sí 126. Bí kò bá dúró síbẹ̀, kí wọ́n fi dírípù ṣúgà àti ínsúlínì tún un ṣe. Ẹ ò rí i pé wọn kò sọ pé kí wọ́n ní kó má jẹun, kí wọ́n sì lọ jókòó.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ṣúgà ìyá ń gba inú ibi ọmọ kọjá sí ara ọmọ, ṣùgbọ́n ínsúlínì ìyá kì í kọjá. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ínsúlínì tirẹ̀ láti fi bá ṣúgà ìyá jà. Bí wọ́n bá ti gé ìwọ́ rẹ̀, ṣúgà ìyá dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀ kan náà, ínsúlínì ọmọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìgbà yẹn ni ṣúgà ọmọ tuntun lè já wálẹ̀, kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n, tàbí kí gìrì mú un. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mu ọmú láàárín ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n bí i, kí wọ́n sì wọn ṣúgà tirẹ̀ náà láàárín wákàtí 2 sí 4.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe kejì wà, tó jẹ́ ti àwa ẹbí. A gbọ́ pé ó ń rọbí, a gbé gúlúkóòsì lọ kó lè lókun. A gbé málítì àti mílíìkì lọ kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀. Lẹ́yìn ìbímọ, búrẹ́dì Agége àti Bournvita tó dùn ló tún kù. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà lórí ṣúgà ni. Àwọn mìíràn gbà pé wíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àìpọ́n kò ní ṣúgà rárá, wọ́n á wá rọ ọ́ kún abọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe pọ̀ tó ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá ní kó jẹun, ẹ di mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ sínú kúlà, kí òkèlè kéré. Ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì pé mélòó ni ṣúgà rẹ̀.

Ní 2019, wọ́n ṣí Ayinke House tuntun, oníbùsùn 170, ní LASUTH, Ìkẹjà. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ibùsùn nìkan kọ́ ni ìtọ́jú. Ní ilé ìwòsàn èyíkéyìí tí oúnjẹ aláìsàn ti ń bọ̀ láti ilé, abẹ́rẹ́ ínsúlínì kò mọ sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Bí wọ́n bá gún un ní aago 7 àárọ̀, tí kúlà oúnjẹ ṣì wà ní Agége Motor Road ní aago 9, òógùn á bo obìnrin náà, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ó sì lè dákú. Nígbà yẹn, ṣúgà gan-an ni oògùn rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ la ń bẹ̀ o: ilé ìwòsàn tó bá ń gún ínsúlínì gbọ́dọ̀ ní oúnjẹ nílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 oyún ni wọ́n máa ń ṣe àyẹ̀wò àtọ̀gbẹ yìí. Obìnrin kò ní jẹun láti alẹ́, á mu gúlúkóòsì gíráàmù 75, á sì jókòó fún wákàtí 2. Òṣìṣẹ́ kázúà tó bá lọ, owó ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kì í fi lọ, tó fi jẹ́ pé inú yàrá ìrọbí ni wọ́n ti máa ń mọ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala 13, sọ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ju wákàtí 6 lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín sí wákàtí kan. Ẹ fún aboyún ní tirẹ̀, kó ráyè jẹun lásìkò. Ẹ má gé owó ọjọ́ àyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ kan àwa náà nínú ìjọ. A ń kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ, a kì í yọ aboyún sílẹ̀. Àwọn kan sì ń gbẹ̀bí ní ilé àgbẹ̀bí ìjọ láìní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà. Nígbà tí Jésù jí ọmọbìnrin Jáírù dìde, oúnjẹ ló ní kí wọ́n fún un. Pásítọ̀ tó ní kí aboyún gbààwẹ̀, ẹ bi í bóyá ó mọ iye ṣúgà rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹ fi owó àsè kan ra ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì san owó ọjọ́ kan fún arábìnrin kázúà tó fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ àlàyé ní èdè tí ẹ gbọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin aboyún àti ẹ̀yin ọkọ wọn, bí wọ́n bá ní "má jẹun", ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀wọ̀: Kí ni ìdí rẹ̀? Títí di ìgbà wo? Mélòó ni ṣúgà rẹ̀ báyìí? Àdúrà wa ni pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Ẹni tó bá ṣe àmín sí i, kó má gbàgbé ìbéèrè mẹ́ta náà sílé.