Ta Ló Ni Gọ́tà Yìí? Ibẹ̀ Ló Yẹ Kí Ẹ̀kọ́ Òṣèlú Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi: bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún kìíní ní ìmọ̀ òṣèlú ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa kò dáa. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Aristotle sọ báyìí, Hobbes sọ tọ̀hún, Locke fèsì, Montesquieu pín agbára ìjọba sí mẹ́ta. Ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé, á há a sórí, á pọ̀ ọ́ jáde lọ́jọ́ ìdánwò, ó parí. Ẹ wá bi ọmọ yẹn pé ta ni káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù wọn. Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹni tó gba A nínú POL 101, tí kò mọ ẹni tó yẹ kó tún gọ́tà iwájú ilé wọn ṣe, kí ló kọ́ gan-an?

Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo kà ní yunifásítì, sọ́fítíwíà ni mo sì ń kọ jẹun. Nínú iṣẹ́ tiwa, tí nǹkan bá bàjẹ́, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn ẹni tó kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà. Ibi tó ti bàjẹ́ la ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ títí a ó fi kan ẹni tó ní àṣẹ láti tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀kọ́ òṣèlú rí. Ẹ jẹ́ ká fi Olodi-Apapa dán an wò.

Òjò rọ̀, gọ́tà kún, omi wọ yàrá. Ta ló ni gọ́tà? Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní àfikún rẹ̀ kẹrin: títì àdúgbò, iná títì, gọ́tà, ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú, kíkó pàǹtí, àní títí dórí ìwé àṣẹ fún kẹ̀kẹ́, bárò àti ọmọlanke. Ẹ gbọ́ o, bárò wà nínú ìwé òfin! Ṣùgbọ́n ìwé kan náà fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ títì àti gọ́tà, ìpínlẹ̀ Èkó sì ní ọ́fíìsì tirẹ̀ tó ń rí sí gọ́tà. Nítorí náà, tó bá dí, ó rọrùn fún káńsù láti ní ìpínlẹ̀ ni, ó sì rọrùn fún ìpínlẹ̀ láti ní káńsù ni. Omi ò mọ ìyàtọ̀ o. Yàrá ló ń wọ̀.

Káńsù wo tiẹ̀ ni? Olodi-Apapa wà ní Ajeromi-Ifelodun, ọ̀kan nínú 20 ìjọba ìbílẹ̀ tí ìwé òfin kà fún Èkó, nínú 774 tó wà ní Nàìjíríà. Ní 2003, Gómìnà Bọ́lá Tinúbú dá 37 kún 20 yẹn, wọ́n di 57. Bí Ifelodun LCDA ṣe yọ lára Ajeromi-Ifelodun nìyẹn. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní òun ò mọ tuntun kankan, ó sì dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró ní 2004. Èkó gbé e lọ sí kóòtù. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a lẹ́jọ́ pé ààrẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n pé àwọn káńsù tuntun náà ò tíì pé lójú òfin àfi tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá ṣe tiwọn. Kóòtù sọ̀rọ̀, owó ò jáde. Ó di 2007, lábẹ́ Ààrẹ Umaru Yar'Adua, kí ọ̀rọ̀ owó yẹn tó yanjú. Títí dòní, 20 ni Abuja ń kà, 57 ni Èkó ń kà, owó ẹni 20 ni ẹni 57 jọ ń jẹ.

Ṣé ẹ rí i? Bí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ṣe ń pín agbára, iṣẹ́ ilé ẹjọ́, ìwọ̀n agbára ààrẹ, ìyàtọ̀ láàárín ohun tí òfin sọ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló wà nínú gọ́tà kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ owó náà síwájú. Nínú owó tí ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín láti àpò àpapọ̀, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ ń mójú tó ni owó yẹn ń gbà kọjá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí owó máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí aráàlú fi ìbò yàn. Lọ́dún kan ó lé ọjọ́ kan, ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 2025, Èkó dìbò káńsù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń fi ààrẹ jà lórí Twitter títí ilẹ̀ á fi mọ́, mélòó nínú yín ló jáde lọ́jọ́ yẹn? Ẹni tẹ́ ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá ní ọ́fíìsì lẹ ò yàn. Ẹni tẹ́ ò lè rí láé lẹ̀ ń bú. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ẹ tún jẹ́ ká kúrò lójú gọ́tà ká bọ́ sójú títì, nítorí Olodi-Apapa mọ tírélà ju bó ṣe mọ gómìnà lọ. Ọ̀rọ̀ èbúté wà lára ohun tí ìwé òfin kó fún ìjọba àpapọ̀ nìkan. Tírélà tó ń lọ kó ẹrù ní Apapa á tò sórí afárá àti títì fún ọjọ́ àti ọ̀sẹ̀, aráàdúgbò á máa fara gbá a, káńsù ò sì lè pàṣẹ kankan fún èbúté. Ní oṣù Kejì 2021, àjọ tó ń ṣàkóso èbúté, NPA, gbé ètò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì jáde pé kí tírélà kankan má wá àfi tó bá kàn án. Orúkọ tí wọ́n fún un ni "Ètò."

Àwa oníkọ̀ǹpútà ní ìgbàgbọ́ kan: tí a bá ti kọ áàpù sí i, wàhálà tán. Áàpù yẹn bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn onítírélà fi ń ké nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ṣì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ní ojú ọ̀nà. Áàpù lè sọ ẹni tó kàn. Kò lè sọ ẹni tó láṣẹ láti na ọwọ́ dá ọkọ̀ dúró, kò sì lè fìyà jẹ ẹni tí kò láṣẹ tó ń ṣe é. Ibi tí kóòdù parí sí ni òṣèlú ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́nìkan bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ nìkan ló máa tún Nàìjíríà ṣe, ẹ ní kó lọ dúró sí Apapa fún ọ̀sẹ̀ kan.

Wọ́n á ní, "Ṣé kí a wá da Aristotle nù ni?" Rárá o. Aristotle gan-an ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ tí ẹlòmíì há fún un. Ìtàn sọ pé òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kó bí ìlú 158 ṣe ń ṣèjọba jọ, wọ́n wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà nítòsí rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Àwa ni a sọ ọ́ di ohun àkọ́sórí.

Montesquieu náà ńkọ́? Ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí òfin jáde ní 1748. Ní nǹkan bí 1754, Gáà di Baṣọ̀run l'Ọ́yọ̀ọ́, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tó lè ní kí Aláàfin lọ kú. Ó fi agbára tí wọ́n fún un láti ká ọba lọ́wọ́ kò sọ ara rẹ̀ di ọba àwọn ọba, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ẹni tó ń ṣọ́ ọba, ta ló ń ṣọ́ ọ? Tí olùkọ́ bá fi Gáà bẹ̀rẹ̀, Montesquieu á yé ọmọ náà kíákíá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí olùkọ́ kankan má sì sọ pé NUC ò jẹ́. Ètò ẹ̀kọ́ CCMAS tí NUC gbé jáde fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìdá yẹn ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìṣòro kan wá láti àdúgbò rẹ̀. Kó wá ẹni tí òfin ní kó yanjú rẹ̀, ibi tí owó rẹ̀ ń gbà, àti ẹni tó lè bi onítọ̀hún léèrè. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí Hobbes tó wọlé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ má dúró de olùkọ́. Ọ́fíìsì káńsù ò jìnnà. Ẹ lọ béèrè iye tó wọlé fún gọ́tà lọ́dún yìí. Tí wọ́n bá dá yín lóhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá lé yín, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ ni.