Kọ̀ǹpútà tó ń kú lójijì: ẹ yẹ ọlọ́dẹ tẹ́ ẹ gbà síbẹ̀ wò!

Ẹni tó bá ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn lẹ́bàá márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láti Ìbàfò dé Mowe, mọ ohun tó ń jẹ́ wàhálà. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ooru mú, oníbàárà ń wo aago. Àfi gbàù! Ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, iṣẹ́ tí wọn ò tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn. Bó ṣe rí ní Mowe náà ló rí ní Ifọ̀.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé tòkunbọ̀ ni, ó ti gbó. Wọ́n á ra RAM, wọ́n á ra bátìrì. Owó á ti lọ tán, kọ̀ǹpútà á tún kú lọ́jọ́ kejì. Ta wá ni ká mú?

Nítorí ooru, àwọn kan máa ń fi ohun tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ sínú kọ̀ǹpútà wọn, irú bíi HWiNFO, Open Hardware Monitor tàbí Fan Control. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wo bí inú ẹ̀rọ ṣe gbóná tó àti bí fáànù ṣe ń sáré sí. Ọlọ́dẹ ni wọ́n. Àmọ́ ọlọ́dẹ yìí kì í dúró sẹ́nu géètì, yàrá baálé gan-an ló ń wọ̀. Ohun tó fi ń wọbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní dráífà, kì í ṣe ti dáńfó o. Bí dráífà bá ṣàṣìṣe nínú yàrá ọ̀hún, gbogbo ilé ló lè wó. Bí ọlọ́dẹ méjì bá sì jọ ń bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rọ lè dákú.

Ẹ rántí ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 2024. Ti CrowdStrike kì í ṣe ọ̀rọ̀ ooru, ààbò ni tiwọn, àmọ́ yàrá baálé kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo nínú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà ló mú kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 dákú káàkiri àgbáyé. Ọ̀pọ̀ bàálù ò lè gbéra.

Dráífà mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní WinRing0, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́dẹ ooru ti lò rí. Lọ́dún 2020 ni àṣírí tú pé ihò wà lára rẹ̀ tí olè lè gbà wọlé. Nígbà tó di oṣù Kẹta, ọdún 2025, Microsoft Defender bẹ̀rẹ̀ sí í lé e jáde.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ kọ́kọ́ ronú ohun tẹ́ ẹ fi sínú kọ̀ǹpútà kó tó bẹ̀rẹ̀ ìranù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kẹ́ ẹ kọ perfmon /rel, ẹ ó rí ọjọ́ tó kú àti ohun tó wọlé lọ́jọ́ náà. Ẹ yọ gbogbo ọlọ́dẹ ooru kúrò, kẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ padà. Bí kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè wọlé, Safe Mode ni kẹ́ ẹ gbà.

Ẹ lò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ọlọ́dẹ, ẹyọ kan péré ni kẹ́ ẹ gbà, tuntun, látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é gan-an. Àmọ́ bó bá ṣì ń kú, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọn eruku inú fáànù, kí wọ́n yẹ RAM àti iná tó ń wọlé wò. Ooru kì í ṣe irọ́.

Ẹ má torí RAM jẹ gbèsè láìtíì bi ọlọ́dẹ léèrè ibi tó wà nígbà tí nǹkan bàjẹ́.