Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Ṣírò Owó Wa Lẹ́yìn Wa: Ẹ̀bẹ̀ Láti Suame Magazine

Sí gbogbo ọmọ Yorùbá ní Kumasi, sí àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì, àti sí ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun.

Ọ̀rọ̀ owó la bá wá. Kí ọdún tuntun tó dé, Suame Municipal Assembly, ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gbowó ní Suame Magazine, ọgbà mẹkáníìkì wa ní Kumasi, a máa jókòó láti dá iye tí mẹkáníìkì, wẹ́dà, rẹwáyà àti ẹni tó ń ta páàtì mọ́tò yóò san. Ìpinnu yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ Gánà tọdún 2016, Act 936, ló fún wọn lágbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọ́kọ́ pe àwọn tó ń sanwó sí àpérò. Àwọn onílé ń lọ. Àwọn aṣáájú oníṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Gánà ń lọ. Àwa kì í lọ. Ìgbà tí agbowó bá dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù la máa ń gbọ́ iye tí wọ́n dá lé wa. A ó kùn, a ó kùn tán, a ó san.

Ìdí tí a kì í fi í lọ kò fara sin. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún gbogbo àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kó jáde. Ẹ bi àwọn àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Àwọn tó padà wá kọ́ ọmọ wọn pé kó tẹrí ba, kó má dá sí ọ̀rọ̀ ìlú onílùú. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Síbẹ̀, ìwé ni wọ́n bi àwọn èèyàn ní 1969; wọn kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó pariwo tàbí ó dákẹ́.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìtajà gbóná ju ti iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Òfin Gánà, Act 865 tọdún 2013, fi òwò kéékèèké inú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan, àdéhùn ECOWAS tọdún 1979 sì fún wa láyè láti wọlé ká sì gbé. Abuja àti Accra ni kó yanjú ìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má lọ máa fi àdéhùn 1979 jà lójú títì Magazine.

Ohun tó wà níwájú wa ni gọ́tà tó yẹ kí owó tí à ń san tún ṣe, kì í ṣe afárá. Afárá ńlá tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Suame Roundabout, níbi tí ọ̀nà Offinso àti ti Mampong ti pàdé, ìjọba Accra ló ni ín. Ní oṣù kejìlá 2022, Gánà kéde pé òun dá sísan ọ̀pọ̀ gbèsè òkè òkun dúró, iṣẹ́ afárá náà sì dúró fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo èébú tó wà lẹ́nu wa la fi ń bu Ásẹ́ńbílì lórí afárá tí kò sí lọ́wọ́ wọn. Gọ́tà àdúgbò, ilẹ̀ kíkó, iná, àwọn ọ̀nà tóóró tí mọ́tò ń gbà wọ ṣọ́ọ̀bù, tiwọn nìyẹn, orí ìwọ̀nyí la sì dákẹ́ sí. Òfin Ìpìlẹ̀ 1992 ní kí àwọn Ásẹ́ńbílì jọ pín ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún Gánà, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń pẹ́ kó tó dé. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa kì í pẹ́.

Bẹ́ẹ̀ owó ìlú ti ṣe rere rí níbí. Ní 1980, ilé ẹ̀kọ́ gíga KNUST dá ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ITTU sílẹ̀ sáàárín Magazine, tí ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ irin àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi dé ọwọ́ àwọn fítà.

Nínú ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Magazine, àwọn kan ní ká dáwó, ká gbẹ́ gọ́tà ìlà wa fúnra wa, ká sinmi. Àwọn kan ní ká má dán an wò: ilẹ̀ kì í ṣe tiwa, bí gọ́tà bá dára tán, onílé á fowó lé owó ṣọ́ọ̀bù. Òótọ́ wà lẹ́nu apá méjèèjì, ariwo sì pọ̀. Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé a ó dá apá kan, Ásẹ́ńbílì yóò fi apá kejì sínú ètò ìṣúná ọdún, àdéhùn náà yóò sì wà lákọsílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Magazine, ẹ gba ìwé àṣẹ òwò, ẹ má sì sọ rìsíìtì nù. Ẹ mú un wá kí akọ̀wé ya àwòrán rẹ̀. Àròpọ̀ ohun tí a ti san la ó kọ́kọ́ kà ní àpérò Ásẹ́ńbílì. A ń wá èèyàn mélòó kan tí Twi yọ̀ mọ́ lẹ́nu, tí inú kì í tètè bí. (Ẹ̀yin tí inú ń tètè bí, ẹ wá jókòó tì wá, ẹ ṣáà má sọ̀rọ̀.)

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ jẹ́ ọmọ Gánà láti ọ̀dọ̀ ìyá tàbí bàbá, ẹ ní ìbò. Ààrẹ lè yan tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ Ásẹ́ńbílì. Ìbò ará àdúgbò ló ń yan ọ̀pọ̀ tó kù, kò sì sí ti ẹgbẹ́ òṣèlú níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dìbò yìí, oṣù kejìlá 2023 ni wọ́n sì ṣe é kẹ́yìn. Ẹ jáde fún unit committee, ìgbìmọ̀ àdúgbò. Ipò kékeré ni, kò lówó, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ gọ́tà tó dí.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gba ìwé ìrìnnà fún ọmọ kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ wá kọ́ṣẹ́. Ọmọ tí kò níwèé, a kò ní lè gbẹnu sọ fún un níwájú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tòkè òkun, owó yín wúlò, ṣùgbọ́n òun kọ́ la kọ́kọ́ fẹ́. A nílò akáńtáǹtì tó máa bá wa ka ètò ìṣúná Ásẹ́ńbílì, àti ẹnjiníà tó lè sọ bóyá gọ́tà tí a fẹ́ gbẹ́ kò ní kàn da omi sínú ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò. Bí ẹ bá wá ń fowó ránṣẹ́, àkáǹtì ẹgbẹ́ ni kó gbà, kì í ṣe fóònù ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ti alága. Akápò yóò fi rìsíìtì ránṣẹ́. Bí kò bá dé, ẹ pariwo.

Àwa ni, alága, akọ̀wé àti akápò, lórúkọ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Suame Magazine.