Ọ̀nà fún Agunkẹ̀kẹ́ l'Ékòó

Kẹ̀kẹ́ ológeere kì í mu epo, ẹni tó ń gùn ún kò nílò ìwé àṣẹ ìwakọ̀, fọkanáísà etí títì sì lè lẹ táyà rẹ̀ kí oníkẹ̀kẹ́ tó mu omi tán. Ẹni tó bá ń gùn ún wọ́ọ́rọ́wọ́ lè rin nǹkan bíi kìlómítà 15 láàárín wákàtí kan, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta ìrìn ẹsẹ̀. Láti Ojúẹlẹ́gba dé Yábàá, láti Agége dé Ìkẹjà, láti Kétu dé Maryland, kò sí èyí tó ju kìlómítà 7 lọ nínú wọn. Ìdajì wákàtí tó kẹ̀kẹ́ láti débẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti mú, awakọ̀ dánfó wo ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò dé láàárín ìdajì wákàtí? Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni àwọn tó ń la títì l'Ékòó ń rò gbẹ̀yìn, bí wọ́n bá tilẹ̀ rò ó rárá. Ohun tí ìwé pẹlẹbẹ yìí ń béèrè ni pé kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ ológeere, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti àwọn àdúgbò tó yí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ká.

Ilẹ̀ Èkó gba irú ìrìnnà bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kún fún òkè tí agunkẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n pẹrẹsẹ ni Èkó rí láti etí òkun títí wọ Ìkẹjà. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, òun ni ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù lọ, tí èrò sì há mọ́ inú rẹ̀. Nígbà tí ilé bá sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀, ìrìn kúkúrú ni yóò pọ̀ jù: ìrìn lọ sọ́jà, lọ sílé ìwé, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ìrìn tó gùn jù fún ẹsẹ̀, tó sì kúrú jù láti tìtorí rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí kan, iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láyé ìjọba amúnisìn, ohun iyì ni kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń rọ ní Nottingham jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àgbẹ̀ tó ta kòkó tán ń rà á, tíṣà ń gùn ún lọ sílé ìwé, akọ̀wé kóòtù ń nù ún dán bí ẹni ń nu bàtà ọjọ́ ìsinmi. Owó epo rọ̀bì ló yí ojú ayé padà lẹ́yìn 1970. Wọ́n parí Afárá Èkó ní 1975, wọ́n parí Afárá Third Mainland, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 11.8, ní 1990, ọkọ̀ ni wọ́n sì ṣe méjèèjì fún. Agunkẹ̀kẹ́ tó bá gba orí Third Mainland kọjá yóò rìn létí ọ̀nà tí ohunkóhun kò dá òun àti ọkọ̀ sí, atẹ́gùn ọ̀sà ní ẹ̀gbẹ́ kan, atẹ́gùn tírélà tó ń sáré kọjá ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe eré ìdárayá máa ń gbà á ní ìdájí òpin ọ̀sẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀. Ẹni tó gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun lójoojúmọ́ yàtọ̀ sí àwọn eléré ìdárayá wọ̀nyẹn. Ẹni tó ń ta Fan Milk pẹ̀lú àpótí lórí kẹ̀kẹ́, oníbúrẹ́dì tó to búrẹ́dì gogoro sẹ́yìn ara rẹ̀, mẹ́gáàdì tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Ìlúpéjú: àwọn ni agunkẹ̀kẹ́ Èkó gan-an. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dé akoto, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í hàn nínú àwòrán tí àwọn aṣòfin ń yà ní ọjọ́ àyájọ́. Ọ̀rọ̀ tiwọn ló yẹ kó ṣáájú, nítorí àwọn ni títì ń ṣe léṣe jù.

Ìyà ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò. Gọ́tà tí kò ní ìdérí wà lọ́tùn-ún lósì, kòtò wà láàárín, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kò sì lè dúró sójú kan. Bí òjò bá rọ̀, tí omi kún títì láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, omi á bo kòtò àti gọ́tà pọ̀, kò sì ní sí ohun tí èèyàn yóò fi mọ ibi tí ọ̀nà parí sí. Èyí tó burú jù ni ihò tí wọ́n ti jí irin ìdérí rẹ̀ lọ. Táyà iwájú á kó sínú rẹ̀, agunkẹ̀kẹ́ á sì fi ojú tàbí èjìká lélẹ̀ kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó bá jáde sí títì ńlá, apá ọ̀tún pátápátá ni àyè rẹ̀. Apá ọ̀tún yìí kan náà ni dánfó ti ń gbé èrò, tó sì ti ń já wọn. Èrò kan á pariwo "Ó wà o!", kọ́ńdọ́ á ti bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró, awakọ̀ á sì ya wọ etí títì láìwẹ̀yìn. Ohun méjì péré ló kù fún agunkẹ̀kẹ́: kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kó sì gbàdúrà pé omi òjò kò tíì mú un yọ̀, tàbí kó yà sáàárín títì síwájú ọkọ̀ tí kò rí. Bó bá bọ́ nínú ìyẹn, yóò pàdé ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n ṣí lójijì, yóò pàdé ọ̀kadà tó ń gba ọ̀nà òdì bọ̀, yóò sì pàdé àwọn obìnrin tó pàtẹ ata sétí títì nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fún àwọn náà ní àyè. Ní alẹ́, ọ̀pọ̀ òpópónà kò ní iná. Awakọ̀ kì í rí kẹ̀kẹ́ àfi ìgbà tó bá ti sún mọ́ ọn jù.

Dídé ibi iṣẹ́ kò parí wàhálà náà. Ẹ̀ṣọ́ tó ṣí géètì fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni yóò sọ fún ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ wá pé kò sí ibi tí yóò gbé e sí. Yóò so ó mọ́ òpó iná níta, yóò sì máa rò ó títí iṣẹ́ fi parí bóyá òun yóò bá a níbẹ̀. Òógùn ti mu ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sì sí balùwẹ̀ tí yóò ti wẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á rọra bi í bóyá nǹkan kò ṣẹnuure ni. Obìnrin tó bá gun kẹ̀kẹ́ ní ti rẹ̀ á gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ọkùnrin etí títì láti ilé dé ibi iṣẹ́. Ìwà ẹ̀gàn yìí kì í ṣe àbínibí ìlú. Nígbà tí ojú ọ̀nà bá ti kọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ẹni tí kò ní ohun mìíràn nìkan ni yóò máa gùn ún, àwọn èèyàn á sì máa fi kẹ̀kẹ́ mọ tálákà.

Àwọn kan ń sọ pé oòrùn Èkó mú jù fún kẹ̀kẹ́. Ouagadougou ní Burkina Faso gbóná ju Èkó lọ dáadáa, ọ̀pọ̀ ọdún ni kẹ̀kẹ́ sì ti kún títì ibẹ̀, tí ìyá arúgbó àti ọ̀dọ́bìnrin ń gùn ún láìsí ẹni tó ń wò wọ́n. Àwọn mìíràn ní àṣà òyìnbó ni. Orílẹ̀-èdè Netherlands tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí lónìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi títì rẹ̀ fún mọ́tò pátá lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ní 1971, ènìyàn tó ju 3,000 lọ ló kú lójú títì níbẹ̀, ọmọdé tó ju 400 lọ sì wà nínú wọn. Àwọn òbí jáde sí ìgboro, wọ́n dí títì, wọ́n ní kí wọ́n má pa àwọn ọmọ mọ́. Nígbà tí epo wọ́n lọ́dún 1973, ìjọba wọn rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé tì sẹ́yìn mọ́. Ìpinnu àti owó ìlú ló fi ọ̀nà kẹ̀kẹ́ síbẹ̀.

Èkó náà ti rí ọ̀wọ́n epo tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 fún lítà kan kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Ìkẹjà àti Èkó Mainland wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé: ti Marina sí Mile 2 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023, ti Àgbádó sí Ọyìngbò ní oṣù kẹwàá 2024. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí wọ́n yin àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ jìn ní kìlómítà 3 sí ibùdó Ìkẹjà tàbí Yábàá kò rí ọ̀kadà gbé e débẹ̀ mọ́. Yóò fi ẹsẹ̀ rìn fún ogójì ìṣẹ́jú, tàbí kó san owó dánfó kó tó san owó ọkọ̀ ojú irin. Kẹ̀kẹ́ á gbé e débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 12. Àlàfo yìí ni ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dí, nítorí pé kò gba kí ẹnikẹ́ni gun orí afárá tàbí kó bá tírélà du títì.

Ìwé ìlànà lórí ìrìnnà tí kò lo ẹ́ńjìnnì ti wà ní ìpínlẹ̀ náà láti 2018. Ohun tó kù ni owó nínú ìṣúnná àti iṣẹ́ lórí ilẹ̀. Ní àyíká ibùdó kọ̀ọ̀kan, láàárín kìlómítà 3, kí wọ́n yan òpópónà bíi mélòó kan tó jẹ́ ti àdúgbò, kí wọ́n ya mítà 2 sọ́tọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì fi kọnkéré dá a sí ọ̀tọ̀. Ọ̀dà funfun nìkan kò tó. Dánfó kò ní kà á sí. Níbi tí gọ́tà bá wà létí títì, kí wọ́n fi kọnkéré dé e dáadáa, mítà kan tí wọ́n rò pé kò sí yóò sì yọ. Níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró, ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ni kí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gbà, kí kọ́ńdọ́ àti agunkẹ̀kẹ́ má bàa pàdé. Lójú àwọn òpópónà wọ̀nyí, kí ìsáré ọkọ̀ má ju kìlómítà 30 lọ ní wákàtí kan. Agbára tí ọkọ̀ fi ń gbáni nígbà tó bá ń sá 60 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ìgbà tó bá ń sá 30. Bọ́ǹpù tó le ní ẹnu àdúgbò yóò fi agbára mú òfin náà ṣẹ ju ìwé ìtanràn lọ.

Nínú ọgbà ibùdó ọkọ̀ ojú irin, kí ibi ìgbékẹ̀kẹ́sí wà lábẹ́ òrùlé pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ tó ń fún ènìyàn ní nọ́ńbà. Àyè tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan gbà tó kẹ̀kẹ́ 8, ó kéré tán, nítorí náà kò sí ibùdó tó lè sọ pé òun kò ní àyè. Kí ìjọba fi ṣe àpẹẹrẹ ní sẹkitéríàtì Aláúsá, kí ó sì sọ ọ́ di dandan nínú ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ fún ilé iṣẹ́ tuntun. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń yá òṣìṣẹ́ lówó ra fíríìjì lè yá a lówó ra kẹ̀kẹ́, kó máa san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù.

Ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń kú ni ìtọ́jú. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣe tán tí ẹnikẹ́ni kò sì gbá yóò kún fún iyanrìn àti ìgò fífọ́ láàárín oṣù mẹ́ta, ọkọ̀ á sì gbà á ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ìjọba ìbílẹ̀ tí òpópónà náà wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú àdéhùn iṣẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú owó gbígbá, owó pípààrọ̀ ìdérí gọ́tà tó bá sọnù, àti nọ́ńbà fóònù tí agunkẹ̀kẹ́ lè pè nígbà tó bá rí ihò tuntun lójú ọ̀nà.