Ẹ ń sanwó kí òjò má bàa rọ̀ sí pátí. Ta ló ń sanwó kó má bàa jò sí yàrá?

1/
Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ìjà ni mo bá wá, ṣùgbọ́n ìjà ọmọ ìyá ni. Àwa ọ̀dọ́ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ni mo ń bá wí, àti ẹ̀yin tí ẹ ti kó lọ sí ìgboro Ìbàdàn tàbí Èkó tí ilé bàbá yín ṣì wà lábúlé.

2/
Gbogbo ọdún tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń rí: báwo lèèyàn ṣe fẹ́ tún ilé ṣe, kó tún ráyè ṣe nǹkan tó fẹ́ràn lópin ọ̀sẹ̀, nígbà tí òjò ò sọ ìgbà tó ń bọ̀? Àwọn àgbà á ní ká pa eré tì. Àwa ọ̀dọ́ á ní ká pa ilé tì, ṣebí kì í ṣe àwa la kọ́ ọ. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

3/
Èmi ò gbà pé òjò ni ìṣòro wa. Mi ò sì gbà pé àtúnṣe ilé àti ìgbádùn ara ẹni ń bára wọn jà. Sátidé wa ló ti tán. A ti fi í tọrẹ fún pátí. Èyí tó bá ṣẹ́ kù la wá ń pín láàárín òrùlé àti ayọ̀ tiwa, tá a wá ń sọ pé òjò ni ò jẹ́.

4/
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti òjò náà, torí àwa tó ń ṣe fídíò ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Tó bá ti di March, ẹ óò rí ọmọ Ìbàdàn tó ń ṣe fídíò "spring cleaning", ó ń ká kọ́tìnì, ó ń to òdòdó. Spring wo? Spring wà ní London. Níbí, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò la ní. Ọyẹ́ á la ògiri, àkọ́rọ̀ á wá gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ń to òdòdó nígbà yẹn tí kò tíì wo òkè ilé rẹ̀, kó rọra o.

5/
Ìwé á sọ fún yín pé òjò Ìbàdàn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní March tàbí April, á pọ̀ ní June àti July, á sinmi díẹ̀ ní August, á tún padà ní September àti October. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omíyalé Ògùnpa tó pa èèyàn tó ju 100 lọ, 31 August 1980 ló ṣẹlẹ̀. Omíyalé Ìbàdàn míì tó tún gbé èèyàn, ilé àti afárá lọ, 26 August 2011 ni. Oṣù tá a ní òjò ń sinmi ni méjèèjì. Ẹni tó bá ń dúró de kàlẹ́ńdà kó tó kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, òjò á bá a nílé.

6/
Òjò March sí May tún ní ìwà tirẹ̀. Kì í ṣe òjò jẹ́jẹ́. Oòrùn á mú láti àárọ̀, ọ̀sán á gbóná bí ààrò, lẹ́yìn náà ìlà-oòrùn á ṣú. Ìjì ló ń kọ́kọ́ dé. Eruku á gba ojú, pánù á máa pariwo, kí ẹ̀kán omi kan tó balẹ̀. Nígbà míì yìnyín á bá a wá. Kò ní pẹ́, ó ti lọ. Omi ló ń gba ẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìjì yẹn ló ń ṣí òrùlé tí ìṣó rẹ̀ ti yọ.

7/
Òrùlé ta ló ń ṣí? Ẹ gba Lálúpọn lọ sí apá Ejíòkú, tàbí kí ẹ gba Akanran wọnú àwọn abúlé Ọ̀nà-Àrà. Ẹ wo àwọn ilé tí pánù wọn ti dípẹtà. Ìyá àgbà ló ń gbé ibẹ̀. Ó ti mọ ibi tó máa gbé bàsíà sí. Ó ti mọ igun tó máa fa ẹní lọ. Ọmọ mẹ́fà ló bí, gbogbo wọn ló ní fóònù, gbogbo wọn ló sì máa ń pè é tí òjò bá rọ̀: "Màmá, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ó á ní òun sùn. Kí lẹ fẹ́ kó sọ?

8/
Ẹ wá jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí 50 ọdún ní May. Wọ́n á ti lọ bá baba tó máa ń dá òjò dúró tipẹ́tipẹ́. Wọ́n á san àsansílẹ̀. Wọ́n á háyà kánópì, wọ́n á tún háyà òmíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ṣẹlẹ̀ pé òjò dé. Mi ò bá yín jiyàn bóyá baba yẹn lágbára tàbí kò lágbára. Ohun tí mò ń bi yín ni pé: ẹ mọ̀ pé òjò lè ba nǹkan jẹ́, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń múra dè é. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé àga oníke tí àlejò jókòó sí lẹ̀ ń dáàbò bò, kì í ṣe ibùsùn ìyá yín?

9/
Nínú ẹbí tiwa, a ṣèpàdé lórí òrùlé ilé baba ńlá wa nítòsí Lálúpọn. January ni, ilẹ̀ gbẹ, kàpẹ́ńtà wà nítòsí. Gbogbo èèyàn ní owó ò sí, ká ṣì máa wò ó. Nígbà tó di February, aṣọ ẹbí jáde fún ayẹyẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan. Kó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, ojúlé kọ̀ọ̀kan ti san. Mo ṣírò rẹ̀ sínú grúùpù WhatsApp, mo fi hàn wọ́n pé owó aṣọ yẹn nìkan á ra pánù, á sanwó kàpẹ́ńtà, nǹkan á sì ṣẹ́ kù. Èsì tí mo gbà ni "ọmọ tó kàwé jù". Wọ́n yọ mí kúrò nínú grúùpù fún ọjọ́ méjì. Ní April, ìjì ká igun òrùlé náà bí ẹni ká ẹní.

10/
Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Àṣà wa ni. Yorùbá ò lè má ṣe ìnáwó. Tó bá kan ìwọ náà, ta ló máa wá?" Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká sọ ti àṣà nígbà náà. Kí lẹ rò pé ọ̀wẹ̀ jẹ́? Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ tún òrùlé bò, á pe ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna. Ọkọ ọmọ á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á gun òkè, wọ́n á bo ilé. Onílé á se oúnjẹ, ẹmu á wà, orin á wà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, ilé sì ti ní orí. Àáró náà wà: oko tèmi lónìí, oko tìẹ lọ́la.

11/
Àṣà nìyẹn. Ìnáwó tó jẹ́ pé tí àlejò bá lọ tán, ilé á wà níbẹ̀. Èyí tá à ń ṣe báyìí, a mú oúnjẹ àti ijó inú ọ̀wẹ̀, a sọ iṣẹ́ inú rẹ̀ nù, a wá ní àwọn baba wa ló fi lé wa lọ́wọ́. Àwọn baba wo?

12/
Ó wá kan ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní eré ò wúlò. Èmi máa ń lọ wo ẹyẹ láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń ya fọ́tò wọn lẹ́bàá oko ní Akínyẹlé. Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù ni "Ṣé o fẹ́ pa á jẹ ni?" Ẹyẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Malimbus ibadanensis. Ó dúdú, orí àti àyà rẹ̀ pupa. Orúkọ Ìbàdàn ló ń jẹ́. J. H. Elgood ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fáyé ní 1958, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n. Igbó IITA tó wà lọ́nà Ọ̀yọ́ wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i. Àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá wò ó. Mélòó lára ọmọ Mọ́níyà ló mọ̀ pé ó wà?

13/
Mi ò ní kí gbogbo yín máa wo ẹyẹ. Ìwọ lè fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ìwé, kẹ̀kẹ́ gígùn, aṣọ rírán, ewébẹ̀ tó o gbìn sínú àpò ìrẹsì lẹ́yìnkùlé. Nǹkan tí kò mówó wọlé, tí ẹnikẹ́ni ò rán ẹ, àmọ́ tó o bá ṣe é tán, ara ẹ á fúyẹ́. Ẹni tó fi ọjọ́ márùn-ún sin ọ̀gá, tó fi Sátidé sin ẹbí àti ará àdúgbò, ìgbà wo ló wà láyé fún ara rẹ̀?

14/
Àwọn ọmọbìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù. Ní Sátidé, ọmọkùnrin á lọ wo bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní ó ń sinmi. Ọmọbìnrin á fọṣọ, á gbálẹ̀, á bá wọn gé àlùbọ́sà pátí. Òjò bá dé, òun náà ni wọ́n á pariwo orúkọ rẹ̀ pé kó wá kó aṣọ, kó wá gbọ́n omi. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ òrùlé bá délẹ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ẹni tó ń gbọ́n omi ló mọ ibi tí omi ń gbà wọlé. Ẹ bi í.

15/
Ẹ wo ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Akọ ló ń hun ilé, abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fò lọ, akọ á tú u palẹ̀, á tún òmíì hun. Ariwo wọn ò sì dúró láti àárọ̀. Iṣẹ́ ilé àti fàájì, lórí igi kan náà, nínú òjò kan náà.

16/
Ó dáa, báwo la ṣe máa ṣe é? Iṣẹ́ òrùlé, December sí February ni. Tí ìyẹn bá ti kọjá, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ gun òkè, kí ẹ sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, torí ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni ìjì àkọ́rọ̀ sábà máa ń dé. Ìṣó tó ti yọ, ẹ fi èyí tó ní rọ́bà lọ́rùn pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tó lu, ẹ dí i nígbà tí pánù bá gbẹ. Ẹ má sì kun yàrá ní pẹ́ńtì kí òrùlé tó dá. Owó lẹ ń dà sómi yẹn.

17/
Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ fi tapólì bò ó lọ́jọ́ náà, torí òjò á fọ̀ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n kọnkéré tó bá ti gan mọ́jú kì í bẹ̀rù omi. Bíríkìlà gidi máa ń bu omi wọ́n ọn fún bí ọjọ́ méje kó lè le dáadáa. Ilẹ̀ọ́lẹ̀ àti gọ́tà lẹ lè ṣe nígbà òjò. Tí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó bá yín ṣe lébìrà lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

18/
Ilé amọ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ògiri ni kí ẹ ṣọ́. Omi tó ń já láti òrùlé, tó ń ta padà sára ògiri, ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá kó gba ibòmíì. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

19/
"Owó ò sí." Mo gbọ́. Kíkó ewé kúrò nínú gọ́tà ò gbowó. Gígé ẹ̀ka máńgòrò tó fẹ́ wó lé òrùlé ò gbowó tí àdá bá wà nílé. Ìwọ tó ń háyà ilé, mi ò ní kó o fi owó ẹ kan òrùlé lánlọ́ọ̀dù. Ya fọ́tò ibi tó ń jò, fi ránṣẹ́ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Má dúró dìgbà tí omi bá wọ tẹlifíṣọ̀n.

20/
Ọdọọdún ni NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde: ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó máa dáwọ́ dúró, agbègbè sí agbègbè. Mélòó nínú wa ló kà á rí? Àmọ́ a mọ ọjọ́ àti aago tí Arsenal máa gbá bọ́ọ̀lù títí dé May. Ẹ má sọ fún mi pé àsọtẹ́lẹ̀ òjò lè má ṣẹ. Ti Arsenal náà ńkọ́?

21/
Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ká ní Sátidé mẹ́rin ló wà nínú oṣù. Ọ̀kan fún ilé. Ọ̀kan fún ara ẹ. Méjì tó kù, ẹ jó títí ilẹ̀ á fi mọ́, mo lè bá yín lọ. Tí òjò bá gba ọjọ́ ilé lọ́wọ́ yín, ẹ fi ti eré pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ṣe eré lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi pátí jẹ gbèsè ọjọ́ méjèèjì.

22/
Tí wọ́n bá tún gbé aṣọ ẹbí sínú grúùpù, kí ẹnì kan nínú yín béèrè: "Òrùlé Màmá ńkọ́?" Wọ́n lè yọ yín. Tí wọ́n bá dá yín padà, ẹ tún béèrè. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa, ẹni tó sì wà nínú ilé yẹn lóru ni eji máa rí.

23/
Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bú mi, àyè wà nísàlẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò òrùlé ilé yín síbẹ̀.