Ẹ Má Parí Kúbùsù Yẹn, Ẹ Gé E!

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, òkò ọ̀rọ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tó bá bà, kó fara mọ́ ọn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, tí àwọn olùkọ́ kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di oṣù Kẹwàá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Mowe, Ibafo àti Ifọ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń gé aṣọ, bí a ṣe ń rán an, bí a ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú ìrán. Àwọn kan nínú wọn rí kúbùsù alágékù lórí YouTube, ìyẹn èyí tí wọ́n fi onírúurú àgékù aṣọ tò pọ̀ ní ègé onígun mẹ́rin. Ó wù wọ́n, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ilé ẹ̀kọ́ wọlé, iṣẹ́ dúró. Títí di òní, àbọ̀ iṣẹ́ ọ̀hún wà nínú báàgì Ghana Must Go lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eku ń wò ó, òun náà ń wo eku.

Ẹni tó bá sì gbọ́ nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń tẹnu rẹ̀ jáde: “Lọ parí iṣẹ́ rẹ. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, ẹni tó bá fi orí tì í dópin ni.” Àwa kò gbà. Èsì tiwa ni pé: ẹ má parí kúbùsù yẹn. Ẹ gé e.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí á yé parọ́ nípa rẹ̀ ni ìdí tí iṣẹ́ náà fi dúró. Wọ́n ní ọ̀lẹ ló fà á. Irọ́ ni. Kúbùsù alágékù ní ìpele mẹ́ta: ojú rẹ̀ tí a tò, ohun tó ki tó wà láàárín, àti ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wá fi abẹ́rẹ́ rán gbogbo rẹ̀ mọ́ra káàkiri. Ní ilẹ̀ olótùútù, wọ́n ń fi irú rẹ̀ bora nígbà tí yìnyín bá ń bọ́. Ta ló fẹ́ fi ìpele mẹ́ta bora ní Ibafo nínú oṣù Kẹta, nígbà tí kò sí iná, tí fáànù dúró, tí òógùn ń ṣàn? Ẹni tó ń rán an ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa lò ó. Ọwọ́ kì í yá sí iṣẹ́ tí kò ní ìlò.

Èkejì, ẹ̀rọ ìránṣọ tó wọ́pọ̀ nínú ilé wa, èyí olórí dúdú tí a ń fi ọwọ́ yí tàbí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò fẹ̀. Bí kúbùsù bá ti tóbi tí ó sì ki, kíká ni ẹ óò máa ká a bí ẹní kí ó tó lè gba abẹ́ ọrùn máṣíìnì kọjá. Ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń tóbi sí i ni ó ń le sí i.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́fà jẹ́ ínṣì 72 sí ínṣì 72. Bí ègé kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ínṣì 9, mẹ́jọ ni yóò wà ní ìbú, mẹ́jọ ní òòró. 64 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó rán 24 tó fi sílẹ̀, bí ó bá ń ro ti kúbùsù, gbèsè 40 ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá gbàgbé kúbùsù, ohun 24 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ kan náà ni, òwú kan náà ni. Ojú tí a fi wò ó ló yàtọ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: pé bí a bá ní kí èèyàn gé iṣẹ́ rẹ̀, a ń kọ́ ọ láti máa sá fún iṣẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹni tó parí ohun kékeré 24 ti kọ́ bí a ṣe ń parí iṣẹ́ nígbà 24. Ẹni tó ń dúró de kúbùsù kan kò tíì kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Àwa náà gbà pé kí iṣẹ́ dópin. Ṣùgbọ́n òpin iṣẹ́ ni ọjọ́ tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Lóòótọ́, ẹni tó ku ègé mẹ́rin péré, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń retí kúbùsù nínú òtútù London, kó parí tirẹ̀. Àwọn yòókù là ń bá wí.

Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ òyìnbó ni, tàbí pé ìṣẹ́ ló ń mú èèyàn to àgékù pọ̀. Kò yẹ kí á gbọ́ irú èyí lẹ́nu ẹni tó ń kọ́ èdè Yorùbá. Àgékù kì í ṣe àkísà. Àkísà ni aṣọ tó ti gbó. Àgékù ni ohun tó ṣẹ́ kù nígbà tí a gé aṣọ tuntun. Ẹni tó ń da àgékù nù, aṣọ tuntun ló ń dà nù. Àkísà gan-an, àwọn àgbà wa kò fojú di í: wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún: aṣọ lórí aṣọ, ègé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ègé, tí ẹbí sì ń fi tuntun kún un bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹ wo aṣọ òkè: tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ahunṣọ ń hun ún, aránṣọ ló ń so ó pọ̀ di agbádá. Ẹni tó bá ní títo aṣọ pọ̀ kì í ṣe ti Yorùbá, kó lọ bi egúngún léèrè.

Lókè òkun, ní Gee's Bend ní ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn obìnrin adúláwọ̀ tí àwọn babańlá wọn jẹ́ ẹrú ń fi aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó rán kúbùsù kí òtútù má baà pa ọmọ wọn. Ní ọdún 2002, Museum of Fine Arts ní Houston pàtẹ àwọn kúbùsù náà, wọ́n sì gbé wọn dé Whitney ní New York. Ní ọdún 2006, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ̀ wọ́n sára sítáǹpù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àìní inú ilé wọn ni wọ́n fi aṣọ náà yanjú. Òtútù ni ìṣòro tiwọn, kúbùsù ni wọ́n rán. Kí ni ìṣòro tiwa? Ìkòkò gbígbóná ni. Ẹrù orí ni. Àga onígi tó ń dunni nídìí ni.

Nítorí náà, ẹ gbé àbọ̀ iṣẹ́ yẹn jáde. Kí ẹ tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án, ẹ kọ́kọ́ fi máṣíìnì rán ìlà méjì síbi tí ẹ fẹ́ gé, kí ẹ sì gé àárín ìlà méjèèjì, kí ojú ìrán má baà tú. Ibi tí kòkòrò ti jẹ, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ègé kan tó fẹ̀ tó ínṣì 8, pẹ̀lú táwẹ́lì àtijọ́ ìpele méjì láàárín àti àǹkárá lẹ́yìn, aṣọ tí a fi ń sọ ìkòkò kalẹ̀ nìyẹn. Kó jẹ́ òwú pọ́ńbélé o! Pọlísítà àti fóòmù máa ń yọ́ lójú iná, wọ́n sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ má sì lò ó nígbà tó bá tutù, nítorí ooru máa ń gba inú omi wọlé.

Ègé mẹ́rin tí a so pọ̀, tí a fi àgékù wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, tìmùtìmù nìyẹn fún ẹni tó ń kàwé lórí àga onígi. Ègé méjì pẹ̀lú sípì, pọ́ọ̀sì bírò nìyẹn. Èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ká a róbótó, ẹ rán an mọ́ra, òṣùká nìyẹn fún ìyá tó ń kiri ọjà. Inú ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń pàdé òṣùká báyìí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì tán ní Ifọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá inú yàrá wa. Ọ̀rá àgékù tí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ń kó jáde, gọ́tà ló ń bá lọ bí òjò bá dé, tàbí kí wọ́n dáná sun ún, kí èéfín pọlísítà máa wọ imú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin ọ̀gá télọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ iṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ó tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, kí ló dé tí ẹ ò fún un ní àgékù ọ̀hún? Lórí aṣọ ìkòkò ni kó ti kọ́ bí ìlà ṣe ń gún, lórí pọ́ọ̀sì ni kó ti kọ́ sípì. Bí ó bá bà á jẹ́, kò sí oníbàárà tó máa bínú. Ní ọdún 2020, nígbà kòrónà, àgékù àǹkárá yìí kan náà ni àwọn télọ̀ fi ń rán ìbòmú. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìṣẹ́ nígbà náà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ń ṣe òde, tí ẹ ń ra abọ́ oníke tí wọ́n tẹ fọ́tò yín sí lára fún àlejò, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ gbé iṣẹ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Àgékù aṣọ ẹbí yín gan-an ni kí wọ́n fi rán ẹ̀bùn náà. Kí ẹ sì san owó tó yẹ. Ẹ má sọ pé àgékù lásán ni, nítorí àgékù kò rán ara rẹ̀.

Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Kúbùsù ńlá náà kọ́ ni iṣẹ́ ńlá. Kí Sátidé tó ń bọ̀ yìí tó lọ, ẹ fa báàgì yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gé ègé kan péré, ẹ parí rẹ̀, ẹ gbé e fún ìyá yín nílé ìdáná. Bí wọ́n bá fi sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ti ṣe ju ẹni tó ń ṣèlérí kúbùsù láti ọdún 2022 lọ.